Ohun Tí Ọkọ Mi Sọ fún Òyìnbó

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ. Ní Ìkòsì wa yìí, bí ènìyàn bá ra ìkòkò tuntun, ìròyìn rẹ̀ á ti dé Kétu kó tó gbé e kaná. Ẹ ní Mummy Iyùn bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun, òyìnbó sì gba ọkọ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, pé ìdí nìyẹn tí ìkòkò méjì fi wà lórí sítóòfù rẹ̀ báyìí. Ẹ fara balẹ̀. Òyìnbó kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, mo sì jowú rẹ̀ débi pé oúnjẹ korò lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ kọ́ ló rí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ìrìn-àjò náà fún yín bí mo ṣe rìn ín, kí ẹnu yín lè sinmi.

Èmi kọ́ ni wọ́n pè. Ọkọ mi ni wọ́n pè. Wálé ni orúkọ rẹ̀, ó ń tún fíríìjì àti AC ṣe ní Alápẹ̀rẹ̀, gbogbo yín lẹ sì mọ̀ ọ́n sí ẹni jẹ́jẹ́. Èmi ní tèmi, pánlá ni mò ń tà ní Mile 12, pánlá àti òpòrókó, ẹja gbígbẹ tó le bí igi tí a máa ń fi ayùn gé. Ariwo wà lára iṣẹ́ mi. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, abọ́ kan ni èmi àti ọkọ mi jọ ń jẹun. Bí mo bá pẹ́ lọ́jà, yóò dúró dè mí, ebi ì báà máa pa á kú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, inú mi sì ń dùn, torí mo gbà pé kò sí ibi kan nínú ọkùnrin náà tí n kò tíì dé.

Ibì kan ṣoṣo ló kù. Mo mọ̀ pé iná ló pa ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé rẹ̀ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Iná wo? Níbo? Bí mo bá bi í, á ní, "Ó ti pẹ́," á sì dìde lọ wo jẹnẹrétọ̀. Ó tún ní àṣà kan: iyọ̀. Ibi yòówù kó lọ, iyọ̀ ló ń rà bọ̀, títí tí iyọ̀ fi kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Nígbà tí a sì bí ọmọ wa obìnrin, ó ní Iyùnadé ni a ó máa pè é, kò gbọ́ orúkọ mìíràn sétí. Ẹ wò ó, mo jowú orúkọ yẹn. Mo ní ó ní láti jẹ́ ọmọbìnrin kan tó fẹ́ràn kó tó mọ̀ mí. N ó máa pe ọmọ mi kó wá jẹun, n ó sì máa bi ara mi pé orúkọ ta ni mò ń pè yìí.

Dòdò tó padà sí kíṣìnnì

Ìgbà náà ni Marit dé. Òyìnbó ilẹ̀ Norway ni, ó ń ya fíìmù, kì í ṣe fíìmù eré, irú èyí tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, irun rẹ̀ ti funfun níwájú, súwẹ́tà dúdú kan náà ló ń wọ̀ lójoojúmọ́ nínú oòrùn Kétu. Kò rẹwà jù mí lọ. Mo wò ó dáadáa kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ní òun ń wá àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tí àwọn ará ìta ń pè ní Oníkòkò-Kan. Wọ́n tẹ̀dó sí abúlé kan létí omi, wọ́n ń jẹun nínú ìkòkò kan ṣoṣo, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni da ohunkóhun pọ̀. Ìjọba ayé ìgbà náà ní kí wọ́n kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, wọ́n ní àwọn kò lọ. Ìjọba rán àwọn oníbọn lọ yí wọn ká, wọ́n dí ọ̀nà, àwọn ti inú ilé náà sì tilẹ̀kùn mọ́rí. Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni ìbọn, lẹ́yìn ìbọn ni iná. Ẹnu ọ̀nà ilé mi ni mo dúró sí, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn fún ẹja, tí mo ti gbọ́ pé ọkọ mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Òyìnbó ló sọ ọ́ fún mi.

Mo rò pé ọkọ mi á lé e jáde. Ó ní kó jókòó. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mummy Iyùn, jọ̀ọ́, fún wa láyè díẹ̀."

Mo bọ́ sí kíṣìnnì. Kí ni n ó ṣe? Mo dín dòdò, mo gbé ọbẹ̀ pánlá kaná, torí ẹni tó bá wọ ilé mi kò gbọdọ̀ jáde pẹ̀lú ebi, ì báà jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ lé jáde. Nígbà tí mo gbé àwo wọlé, ojú Marit tàn, ó na ọwọ́. Ọkọ mi fò dìde.

"No, Marit. Please. Don't eat it."

Ó gba àwo náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì gbé e padà sí kíṣìnnì fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Ojú ti gbà mí tì.

"Kí ló burú nínú oúnjẹ mi?"

"Kò sí nǹkan tó burú nínú ẹ̀."

"Ṣé torí pé alápánlá ni mí ni? Ṣé ẹ ò fẹ́ kó mọ̀ pé alápánlá lẹ fẹ́?"

Ó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró nídìí ìkòkò mi, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, lédè òyìnbó, ó ń lọ, ó ń lọ, kò dúró. N kò gbọ́ kí ọkọ mi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń sunkún. Ọkùnrin tí n kò rí omijé rẹ̀ rí, níwájú obìnrin mìíràn, nínú pálọ̀ mi! Bí wọ́n bá ti ń ṣe panṣágà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo lè ṣe. Èyí, n kò mọ orúkọ tí n ó pè é.

Nígbà tí fíìmù náà parí, Marit kọ̀wé pé kí a wá wò ó nílùú òun. Ọkọ mi ní òtútù ibẹ̀ pọ̀, pé kí n jókòó sílé. Mo ní òtútù kò lè pa mí ju ohun tó ń pa mí tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wò mí pẹ́. "Ó dáa," ló sọ. "Bóyá ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ìlú tí òjò ń gbé

Bergen ni wọ́n ń pe ìlú náà. Òkè yí i ká, òkun wà níwájú rẹ̀, òjò sì ń gbé ibẹ̀ bí a ṣe ń gbé Ìkòsì. Kì í ṣe òjò tiwa tó ń bínú rọ̀ tí á sì lọ. Òjò jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, kì í sì í tán. Àwọn ilé wọn jẹ́ pákó, wọ́n kùn wọ́n ní pupa àti òféfèé, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹni tí òtútù mú. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Mo ń wò ó, mo sì ń bínú pé ó rẹwà, torí ìlú Marit ni.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé òyìnbó á sáré wá kí yín, ẹ gbàgbé ẹ̀. Mo kí ọkùnrin kan "good morning" lójú títì, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin kan dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi bọ́ sílẹ̀ dípò kó jókòó sí àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Inú bí mi, mo ní àwọ̀ mi ló ń sá fún. Ìgbà tó yá ni mo ṣàkíyèsí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sá fún ara wọn náà, kálukú lórí ìjókòó tirẹ̀, báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ mi ṣe yọ̀ lórí òkúta tó tutù tí mo ṣubú, àwọn mẹ́ta ló sáré wá gbé mi, ọ̀kan sì sin mí dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì láìbéèrè orúkọ mi. N kò mọ ohun tí mo lè pe irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Mo wá òpòrókó lọ sí ọjà ẹja wọn. Ibẹ̀ kúkú ni òpòrókó tí mò ń tà ti ń wá, mo ní n ó rí i níbi tí wọ́n ti bí i. Ẹja tútù ló kún ibẹ̀, àti edé tó tóbi bí ọwọ́ mi. Ẹlẹ́ja náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo béèrè. "We send all of it to you people," ó ní òun kò jẹ ẹ́ rí. Mo dúró nínú òjò, mo ń rò ó. Ẹja yẹn ti ilé rẹ̀ wá, ó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa la mọ adùn rẹ̀, àwọn tó ni ín kò tọ́ ọ wò. Ọkọ mi ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì kúrò níbẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé wọn kì í fi nǹkan kan ṣáájú orúkọ ẹnikẹ́ni. "Wálé," ni Marit ń pè é, ṣákálá, bí ẹni pé àwọn jọ jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Èmi tí mo bímọ fún un, Daddy Iyùn ni mò ń pè é. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè é bẹ́ẹ̀ ni ojú mi ń ṣú.

Tábìlì Marit

Marit pè wá sí oúnjẹ alẹ́ ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, àkókò tí wọ́n ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ nìyẹn. Ní ẹnu ọ̀nà, gbogbo ènìyàn ló gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, ibẹ̀ ni ìbọ̀sẹ̀ mi ti dójú tì mí, ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan yọrí síta láti wo Norway. Marit tan àbẹ́là sórí tábìlì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ó gbé ẹja pupa kan kalẹ̀ àti ọ̀dùnkún sísè. Mo bi í bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, torí n kì í jẹ ẹ́, ó ní rárá, ó sì ti ra kòkò ìdáná tuntun nítorí mi. Ó yẹ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ pẹ̀lú ẹnu.

Ata kò sí nínú oúnjẹ náà rárá, ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ọkọ mi kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ní òun kò jẹ, ó fa bísíkíìtì tí a rà ní Kétu yọ látinú kóòtù rẹ̀, ó ń rún un jẹ́jẹ́. Inú mi dùn ju ti ọjọ́ tí mo ṣègbéyàwó lọ. Mo ní, ṣé ẹ rí i, oúnjẹ tèmi ló mọ̀. Mo bu ẹja sí i. Mo ń wo ojú Marit bóyá yóò bínú.

Kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "I know, Wálé. Not yet."

Ọkọ mi mi orí, òun náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Pé kò tíì tó àkókò. Àkókò kí ni? Ẹ̀yin méjèèjì ti wá ní ohun tí ẹ jọ mọ̀ báyìí, níwájú mi, lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, èmi tí mo fi oúnjẹ mú ọkùnrin yẹn dúró nílé? Nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé báàgì mi sí ìjókòó àárín èmi àti ọkọ mi, mo di ará Bergen.

Ojú rẹ̀ lára ògiri

Ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ wo fíìmù, wọ́n lẹ àwòrán ojú ọkọ mi mọ́ ògiri, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ojú tí mo mọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ń wo ènìyàn bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Èmi kò rí ojú yẹn rí nínú ilé mi.

Mo rò pé a ó jọ jókòó. Ó mú mi dé ìjókòó mi, ó ní, "Jókòó síbí. Mo wà níta," ó sì jáde sínú òjò bí wọ́n ṣe pa iná. Ìyá àgbà kan tó wé gèlè dúdú ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi Yorùbá kí mi jẹ́jẹ́. Ó ní Mama Ẹ̀bùn ni wọ́n ń pe òun, ọ̀dọ̀ ọmọ òun tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Bergen níbí lòun ń gbé, òun náà sì wà nínú Oníkòkò-Kan láyé ọjọ́un.

Mo wo fíìmù náà tán pátá. Ọkùnrin arúgbó kan tó ti jẹ́ ọ̀gá níjọba nígbà yẹn sọ pé àṣẹ lòun tẹ̀ lé, kò wo ojú kámẹ́rà. Wọ́n fi ibi tí abúlé náà wà hàn, koríko nìkan ló wà níbẹ̀ báyìí, àti ìkòkò ńlá kan tó fọ́ sí méjì tí ìpẹtà ti jẹ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi yọ, nínú pálọ̀ mi, lórí àga mi, ó ń sọ ọ́ lédè òyìnbó.

Ó ní nígbà tí oúnjẹ tán nínú ilé, àwọn oníbọn kígbe pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọdé jáde. Àwọn ìyá fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní Bàbá, ní ìkòkò kan kò gbọdọ̀ pín sí méjì. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ìyá ọkọ mi jí i ní kùtù, ó tì í gba ihò kan lẹ́yìn ilé sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ní kó lọ wá iyọ̀ wá. Ó fẹ́ ti àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọmọ náà ń sunkún, àwọn ènìyàn Bàbá gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n dá a padà. Orí omi ni ọkọ mi wà, iyọ̀ lọ́wọ́, tó fi rí èéfín. Ó ní ìjọba ló yìnbọn, ṣùgbọ́n Bàbá ló ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun kò dárí ji èyíkéyìí nínú wọn.

Marit kò hàn, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó béèrè pé kí ni orúkọ àbúrò náà.

Ọkọ mi ní, "Iyùnadé."

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ, àwọn tí kò lè pè é dáadáa gan-an gbọ́ ọ. Mo di ọwọ́ àga mú. Gbogbo ọdún tí mo fi ń jowú ọmọ kékeré tó jóná. Mo sunkún fún ọmọ náà, n kò sì ní parọ́ fún yín, mo sunkún fún ara mi náà. Mo ti ń fọ aṣọ ọkùnrin yìí, mo ti ń gbá iyọ̀ rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì gba ilé Marit kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí iná tàn, a jáde. Àwọn àjèjì wá ń dì mọ́ ọkọ mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kí i fún. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn tí n kò mọ ohun tí n ó sọ.

Mama Ẹ̀bùn di ọwọ́ mi mú, ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi. "Wá kí mi lọ́la, ọmọ mi."

Wáfù

Ṣùgbọ́n ilé Marit la kọ́kọ́ lọ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ń dín nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní wáfù, ó rí bí búrẹ́dì tí wọ́n tẹ ojú nẹ́ẹ̀tì sí lára. Wọ́n máa ń fi ṣíìsì aláwọ̀ ilẹ̀ sí i, ó dùn bí súgà tó ti jóná díẹ̀. Ó gbé àwo kan síwájú ọkọ mi. Mo jókòó pa, mo ń dúró de bísíkíìtì Kétu.

Ọkọ mi mú wáfù náà. Ó jẹ ẹ́. Ó tún mú èkejì, ó sì lá ìka rẹ̀. Marit bú sẹ́kún, ó ní, "Thank you, Wálé."

Mo dìde. Mo wọ bàtà mi láìso okùn rẹ̀.

"Mummy Iyùn, níbo lò ń lọ?"

"Ẹ máa jẹun yín," ni mo wí. "Ó ti tó àkókò."

Mo jáde sínú òjò wọn. Mo sọ fún ara mi pé ó tán, pé bí mo bá dé Ìkòsì n ó kó ẹrù mi lọ sílé ìyá mi, kí òun máa fi wáfù gbádùn.

Ọbẹ̀ Mama Ẹ̀bùn

Kí n tó tẹ aago ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Ata gidi, epo pupa, irú! Ebi ń pa mí lóòótọ́, mo ti ń jẹ oúnjẹ aláìláta láti ìgbà tí mo ti dé. Ìyá àgbà náà gba kóòtù mi tó tutù, ó mú mi jókòó, kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà ọmọ tó fi wò mí lójú.

"Ṣé o fẹ́ jẹun ni, àbí o fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀?"

"Méjèèjì ni, Mà."

"Kò sí méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí i."

Mo wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ bá mi rò ó wò, èmi, pẹ̀lú ebi. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ni, Mà."

Ó pa iná, ó dé ìkòkò náà. "Nígbà tá a wà lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ ikú nínú, kò gbọdọ̀ sọ ọ́ létí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ikú máa ń ba ìkòkò jẹ́. Àlejò tó ń kọjá la máa ń sọ ọ́ fún. Àlejò náà ò ní fẹnu kan oúnjẹ wa, àwa náà ò ní fẹnu kan tiẹ̀, títí tá a fi máa sọ tán. Tá a bá ti wá bá a jẹun, ó parí nìyẹn. A ò tún ní sọ nǹkan kan fún un mọ́."

Dòdò mi wá sí mi lọ́kàn, àti bó ṣe gba àwo lọ́wọ́ Marit. "Wáfù tó jẹ láàárọ̀ yìí ńkọ́, Mà?"

"Ó jẹ ẹ́? Ìyẹn ni pé òun àti obìnrin yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Ó ti pa ọ̀rọ̀ náà dé."

"Èmi ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bá ẹ jẹun nínú abọ́ kan ló ti mọ̀ pé òun ò ní sọ ọ́ fún ẹ láé. Ó sì yan abọ́ yẹn. Ṣé o rò pé ó rọrùn fún un?"

Inú bí mi. Mo ní, "Mama, òfin Bàbá yẹn náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ. Ẹ ò wá ṣíwọ́ pípa á mọ́?"

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ ti ikú ọkọ mi fún ọmọ mi, lójú oúnjẹ, lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi ò là." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kí lo rò pé ọkọ ẹ fi gbà kó o bá òun wá? Kò lè sọ ọ́. Ó jẹ́ kí fíìmù sọ ọ́ fún ẹ."

Ó yẹ kó tó mi. Kò tó mi. Èdè òyìnbó ni fíìmù náà sọ. Kò sọ orin tí ọmọ náà máa ń kọ, bóyá ó ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bóyá ó fẹ́ràn ẹran ìgbẹ̀yìn ìkòkò. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láti ẹnu ọkọ mi, ní èdè tí a fi ń jà tí a sì fi ń rẹ́. Mo kúrò nílé Mama Ẹ̀bùn láìtọ́ ọbẹ̀ náà wò, òórùn rẹ̀ sì bá mi dé hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìkòkò kékeré

Nígbà tí a dé Ìkòsì, mo lọ ra ìkòkò kékeré kan ní Kétu, èyí tí gbogbo yín rí lọ́wọ́ mi tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara yín lórí fóònù. Ní ọjọ́ Sunday, mo se ìrẹsì sínú ìkòkò wa, mo sì se òmíràn sínú kékeré náà. Mo gbé abọ́ méjì kalẹ̀.

Ọkọ mi wọlé, ó rí i. Ó di ẹnu ọ̀nà mú. Láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ẹni tí wọ́n bá se oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ti lé e nìyẹn.

"O ti lé mi," ló sọ.

"Mi ò lé yín. Mama Ẹ̀bùn ti sọ fún mi."

Mo fa àga kan fún un, níwájú abọ́ kékeré, mo jókòó sí iwájú tèmi. N kò mọ̀ bóyá mo ti ba gbogbo ohun tí mo ní jẹ́. Abọ́ kan yẹn ni ìgbéyàwó mi. Mo ní, "Àlejò ni mí lónìí, Daddy Iyùn. Mo ń kọjá lọ ni. Ẹ sọ ọ́ fún mi. Lédè wa."

Ó jókòó síwájú abọ́ kékeré náà. Lẹ́yìn náà ó pè é, "Iyùnadé."

"Sà?" ni ọmọ wa dáhùn láti yàrá, ó sì jáde wá. Ó wo abọ́ méjèèjì. "Daddy, Mummy, ẹ̀ ń jà ni?"

"Ìwọ kọ́ ni mo pè," ni bàbá rẹ̀ sọ. "Àbúrò mi ni. Bu oúnjẹ ìyá ẹ, kó o wá jókòó. Àbúrò mi yẹn máa ń jẹ iyọ̀ lásán, tó bá ti rí i pé a ò wò ó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbé ìkòkò méjì kaná, tí òun ń jẹ tirẹ̀, tí èmi ń jẹ tèmi, tó sì ń sọ díẹ̀. Ó ní ọjọ́ tó bá tán, òun fúnra òun ni yóò na ọwọ́ sínú abọ́ mi. N kò kán an lójú. Ẹ má sì bi mí mọ́ pé báwo ni Marit, n kò jowú rẹ̀ mọ́. Ìkòkò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi yẹn, tí ọkọ mi ń dá nìkan jẹ nínú rẹ̀, òun ni mò ń jowú.